“Ẹ pè wá ká jọ sọ̀rọ̀” ò tó mọ́, ẹ jẹ́ kí kọ́sítọ́mà lè béèrè bílì lórí wẹ́bùsáìtì wa

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí n má ra ìwé ìròyìn yín lọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀ tó wà ní Mọ́lété, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà máa ń bá mi kà á, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ lẹ́tà yìí sí yín, torí mo mọ̀ pé àwọn tọ́rọ̀ yìí kàn máa rí i, pàápàá àwa tí à ń fi ọwọ́ wa ṣiṣẹ́ jẹun nílùú Ìbàdàn.

Iṣẹ́ ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná tí ilé ń lò) àti sólà ni mò ń ṣe ní Challenge níbí, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá. Nígbà yẹn, kọ́sítọ́mà á wọlé, á jókòó, á ní jẹnẹrétọ̀ ti sú òun, a ó jọ sọ ọ́, màá tẹ̀lé e lọ wo ilé, ó parí. Àmọ́ látìgbà tíjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí epo tí à ń rà lábẹ́ náírà 200 fò kọjá 500, tí wọ́n tún wá gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, láti náírà 68 lọ sí 225 fún yúníìtì kan lóṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn tó ń pè mí pọ̀ débi pé fóònù ò jẹ́ n ráyè di sípánà mú mọ́. Ìbéèrè kan náà sì ni gbogbo wọn ń bi mí: “Èló ni ínfátà?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ìbéèrè yẹn yẹ̀ wò. Ṣé èèyàn lè pe télọ̀ kó ní èló ni aṣọ? Aṣọ ta ni? Bùbá ni àbí agbádá? Ilé tí wọ́n ti ń tan gílóòbù mẹ́jọ, fáànù mẹ́ta àti tẹlifíṣàn, gbogbo rẹ̀ ò ju nǹkan bíi wáàtì 400 lọ. Ẹ wá fi éásì họ́sípáwà kan sí i, éásì yẹn nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìlọ́po méjì gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn. Tí ilé ọ̀hún bá ní pọ́ńpù omi ńkọ́? Pọ́ńpù burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí iná tó máa fà lásìkò tó bá ń ṣí lè tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tó ń lò tó bá ti ń lọ geerege, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ínfátà bá kéré, á kàn ké ni, á kú. Mi ò tíì dárúkọ áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá owó lé e lórí fóònù? Tí mo bá pe owó ńlá, ẹni tó jẹ́ pé kékeré ló nílò á sá lọ, tí mo bá pe owó kékeré, ẹni tó nílò ńlá á ní mo tan òun jẹ lọ́jọ́ tí bílì gidi, ìyẹn iye tí iṣẹ́ máa ná an, bá dé.

Ọ̀gbẹ́ni kan pè mí láti Mọníyà lọ́jọ́ kan, ó ní kí n wá, ó ní kíákíá. Mo gbéra ní Challenge ní aago mẹ́jọ àárọ̀, sún kẹrẹ fà kẹrẹ mú mi ní Mọ́kọ́lá, ó tún mú mi ní Sángo, ìgbà tí màá fi kọjá iwájú UI oòrùn ti ń ta mí lórí. Mo débẹ̀, ilé ayálégbé ni, yàrá méjì, gílóòbù àti fáànù kan ló fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, onílé rẹ̀ sì ti ní òun ò gbà kẹ́nikẹ́ni gun òrùlé òun. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ló gba ọjọ́ mi odidi, epo mọ́tò ti lọ, iṣẹ́ tó yẹ kí n parí ní Ring Road ò parí. Mi ò bínú sí i o, kò ṣe ohun tó burú kankan. Èmi ni mi ò bi í ní ohun tó yẹ kí n bi í kí n tó jáde nílé.

Àbúrò ìyàwó mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló là mí lójú. Mo ti ní wẹ́bùsáìtì tẹ́lẹ̀, fọ́tò iṣẹ́ tí mo ti ṣe ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù mi, àti “ẹ pè wá ká jọ sọ̀rọ̀”. Ó ní bọ̀ọ̀dá, wẹ́bùsáìtì yìí ò ṣiṣẹ́ kankan fún yín, páálí tí wọ́n kọ nǹkan sí lásán ni, ẹ jẹ́ ká fi fọ́ọ̀mù sí i tí èèyàn á fi lè béèrè bílì, kó jẹ́ pé kẹ́ ẹ tó gbé fóònù pe ẹni náà, ẹ ti mọ irú ilé tó ń gbé, ẹ ti mọ ohun tó fẹ́.

Èyí tá a kọ́kọ́ ṣe ò dáa, mo sọ ọ́ kẹ́lòmíì má bàa ṣe irú rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́tàlélógún ló wà nínú ẹ̀. A béèrè orúkọ bàbá, a béèrè ìpínlẹ̀, a béèrè iye wáàtì nǹkan kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ta ló mọ iye wáàtì fíríìjì ilé ẹ̀? Àwọn kan sọ fún mi lójú mi pé àwọn bẹ̀rẹ̀, àwọn ò lè parí ẹ̀. A wá jókòó, a bi ara wa pé tí mo bá dé ilé èèyàn báyìí, kí ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè? Èyí tí mi ò bá ní béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a yọ ọ́. Ó ku méje.

Orúkọ àti nọ́ńbà WhatsApp. Àdúgbò. Bóyá ilé gbígbé ni, ṣọ́ọ̀bù ni, ọ́fíìsì ni, ilé ìwé ni àbí ilé ìjọsìn, àti bóyá onílé ni àbí ayálégbé (ìyẹn ọ̀gbẹ́ni Mọníyà ló kọ́ mi). Ìkẹrin ló ṣe pàtàkì jù: kí lẹ fẹ́ kó máa gbé tí NEPA bá mú iná lọ? Ibẹ̀, a kọ orúkọ nǹkan ilé sílẹ̀ pẹ̀lú àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, fáànù, fíríìjì, físà, éásì, pọ́ńpù, èèyàn á kàn máàkì ẹ̀, á kọ iye tó ní, èmi ni màá ṣírò wáàtì, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ìkarùn-ún, wákàtí mélòó lẹ fẹ́ kó fi gbé e, torí ẹni tó fẹ́ lò ó di àárọ̀ àti ẹni tó kàn fẹ́ fi sun oorun wákàtí mẹ́rin, bátìrì wọn ò lè dọ́gba. Ìkẹfà, iye tẹ́ ẹ ní lọ́kàn láti ná, àmọ́ a ò fi dandan sí i. Àwọn kan á rò pé a fẹ́ fi mọ ibi tá a máa gé àwọn dé ni, wọ́n á fò ó, kò sì burú, àmọ́ ẹni tó bá dáhùn, mo lè sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀ bóyá bátìrì tubular, èyí tí wọ́n ń bu omi sí, ló máa mọ sí àbí owó rẹ̀ á ká lithium tó wọ́n jù ú lọ. Ìkeje ni àyè fún fọ́tò méjì, fọ́tò òrùlé láti ìta àti fọ́tò ibi tí mítà àti chéńjóòfà (ohun tí wọ́n fi ń yí iná láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀) wà. Fọ́tò òrùlé yẹn ti gbà mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà, èèyàn á rí i bóyá páànù ti dípẹtà, bóyá igi máńgòrò bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀, torí pánẹ́ẹ̀lì tí òjìji bá ti ń bò láti ọ̀sán, kò sí bó ṣe máa ṣe dáadáa.

Ẹ ṣàkíyèsí pé àdúgbò la béèrè, a ò béèrè nọ́ńbà ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an. Ẹ wo ohun tí fọ́ọ̀mù yẹn ń bèèrè: ẹ ní fíríìjì mélòó, ẹ ní éásì mélòó, èló lẹ fẹ́ ná. Tí èèyàn bá tún kọ àdírẹ́ẹ̀sì ilé ẹ̀ mọ́ ọn, ìròyìn tí olè ń wá kiri nìyẹn. Akóbọ̀ tó, Ológun-Ẹrú tó, ọjọ́ tí mo bá ń bọ̀ ni kí wọ́n júwe ilé fún mi. Òfin tó dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú tí wọ́n buwọ́ lù lóṣù kẹfà ọdún 2023 náà ò fẹ́ kéèyàn máa gba ohun tí kò nílò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá wá rí fọ́ọ̀mù bílì tó ń béèrè NIN tàbí BVN lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin kọ́sítọ́mà, ẹ kúrò níbẹ̀ kíákíá.

Ohun tó dùn mí jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ló kàn báyìí. Oṣù tá a kọ́kọ́ gbé fọ́ọ̀mù yẹn síta, mo rò pé ẹnikẹ́ni ò lò ó. Orí ímeèlì mi ló yẹ kí ohun tí wọ́n bá kọ máa wọlé sí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ímeèlì kankan ò wọlé. Àfi lọ́jọ́ kan tí mo pàdé màmá kan tó ní ilé ìwé ní Àpáta, Dùgbẹ̀ la ti pàdé, wọ́n kí mi, ojú wọn ò tú ká, wọ́n ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ ò ka èèyàn sí. Mo kọ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, mo ya fọ́tò, ẹ ò tiẹ̀ fún mi lésì pé ẹ rí i.” Ẹlòmíì ti ṣe iṣẹ́ náà fún wọn tán. Mo délé, a wo inú spam, ibi tí wọ́n ń ju ímeèlì tí wọ́n bá fura sí sí, mọ́kànlá ló sùn síbẹ̀. Mọ́kànlá! Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kì í ṣe nítorí owó nìkan, nítorí pé èèyàn mọ́kànlá jókòó, wọ́n fara balẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí mi, mo dà bí ẹni tó kẹ̀yìn sí wọn.

Ohun tó fà á ni pé wẹ́bùsáìtì wa ń fi ímeèlì náà ránṣẹ́ bí ẹni pé kọ́sítọ́mà fúnra ẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti àdírẹ́ẹ̀sì tiẹ̀, Gmail àtàwọn yòókù á wò ó, wọ́n á rí i pé ibi tó sọ pé òun ti wá kọ́ ló ti wá, wọ́n á jù ú síbi ìdọ̀tí. Àbúrò ìyàwó mi tún un ṣe, ó jẹ́ kó máa jáde láti ímeèlì wẹ́bùsáìtì wa gan-an nípasẹ̀ SMTP (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ímeèlì ránṣẹ́), kí àdírẹ́ẹ̀sì kọ́sítọ́mà wà níbi tí èsì máa gbà lọ. Ó tún jẹ́ kí ẹ̀dà kan máa wà nípamọ́ sínú wẹ́bùsáìtì, kó má jẹ́ pé ímeèlì nìkan la gbójú lé. Ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè báyìí, èmi fúnra mi máa ń kọ fọ́ọ̀mù yẹn látorí fóònù ọmọ iṣẹ́ mi, mo máa ń wò ó bóyá á wọlé. Oníṣẹ́ tó bá ní fọ́ọ̀mù tí kì í dán an wò, kó yáa yọ ọ́ kúrò.

Tí kọ́sítọ́mà bá sì ti tẹ “fi ránṣẹ́”, kó rí ọ̀rọ̀ kan kà. Tiwa ń sọ pé, “A ti rí i, ẹ ṣeun, a ó pè yín kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la.” Tí ojú ìwé bá kàn dákẹ́, ẹni náà á tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìrọ̀lẹ́ ọ̀la tá a sì kọ yẹn, a gbọ́dọ̀ pè é.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní WhatsApp ti tó. Mi ò bá WhatsApp jà, nọ́ńbà mi ṣì wà lókè fọ́ọ̀mù gàdàgbà, torí àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ ẹnu ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àmọ́ ẹ bá mi wo ẹni tó gba voice note ogójì lọ́jọ́ kan, èyí ń sọ̀rọ̀ éásì, èyí ń sọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀ tó fẹ́ ṣègbéyàwó, kó tó gbọ́ ọ tán ilẹ̀ ti ṣú, tí fóònù bá wá sọnù ní Gbági, gbogbo ẹ̀ ti bá a lọ. Ti owó náà kọ́: Google Forms ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá sì jẹ́ WordPress ni wọ́n fi ṣe wẹ́bùsáìtì ẹ̀, Contact Form 7 tí wọ́n fi ń ṣe fọ́ọ̀mù síbẹ̀ náà ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣáà rí i pé ojú ìwé náà ò wúwo, kó ṣeé kà lórí fóònù kékeré, torí orí fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn á ti kọ ọ́, dátà ò sì pọ̀ lọ́wọ́ aráàlú.

Kí ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá! Mo rí wẹ́bùsáìtì oníṣẹ́ Ìbàdàn tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì rẹpẹtẹ ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn màmá wa ní Bẹẹrẹ ló fẹ́ ra ọjà wọn. Láti ìgbà tá a ti fi Yorùbá sí tiwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbàlagbà ti ń kọ ọ́, ọmọọmọ á kàn bá wọn tẹ̀ ẹ́ ni, ìdáhùn tiwọn ló sì máa ń kún jù.

Ọ̀rọ̀ owó gan-an ńkọ́. Bílì tí mo bá ṣe látinú fọ́ọ̀mù, mo máa ń kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé ìṣirò àkọ́kọ́ ni, pé ojú mi gbọ́dọ̀ kan ilé kí n tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀, mo sì máa ń kọ ọ́ pé ọjọ́ méje ló wà fún. Ẹ má bínú sí oníṣẹ́ tó bá kọ bẹ́ẹ̀. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ bátìrì àti pánẹ́ẹ̀lì ti ń wá, bí dọ́là bá ṣe ń lọ sókè sódò lọjà náà ń ṣe.

Kì í ṣe oníínfátà nìkan ni mò ń bá wí o. Ẹni tó ń kun ilé lè béèrè yàrá mélòó, bóyá wọ́n ti kùn ún rí. Olóúnjẹ lè béèrè ọjọ́ òde, iye àlejò àti gbọ̀ngán tí wọ́n á lò. Àwọn tó ń bá èèyàn kó ẹrù lè béèrè àdúgbò tí wọ́n ń kó kúrò, ibi tí wọ́n ń kó lọ, àti àjà kelòó, torí gbígbé kọ́bọ́ọ̀dù sọ̀ kalẹ̀ láti òkè kẹta kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Mo ti kọ ìbéèrè méje tiwa ní Yorùbá sójú ewé kejì lẹ́tà yìí. Tí àyè bá wà, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, kí oníṣẹ́ tó bá wù dà á kọ, kó yọ ínfátà kúrò níbẹ̀, kó fi iṣẹ́ tiẹ̀ sí i. Ẹ ò ní dárúkọ mi mọ́ ọn.

Tiyín ni tòótọ́,

Bàbá Ìbejì,
Challenge, Ìbàdàn.