Àgbá Olówó Gọbọi Kọ́ La Ń Fẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Àbújá níbí, ohun tí ẹ ó gbọ́ ni pé kí ìjọba ra ẹ̀rọ tó ń sun ìdọ̀tí fún ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò máa ra dísù sí i? Ẹ̀rọ yẹn gbọ́dọ̀ gbóná dé 850°C, ó kéré tán, kó sì ní ohun tó ń fọ èéfín rẹ̀. Èyí tí kò bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, kò yàtọ̀ sí àgbá irin tí wọ́n ń dáná sun ìdọ̀tí nínú rẹ̀, owó rẹ̀ ló kàn pọ̀. Ike tó bá jó nínú irú iná bẹ́ẹ̀ ń tú dioxin sáfẹ́fẹ́, májèlé tó ń fa jẹjẹrẹ. Nàìjíríà sì ti tẹ́wọ́ gba àdéhùn àgbáyé Stockholm láti 2004 pé a ó dín in kù.

Ẹ wá wo àgbá gan-an. Ilé ìwòsàn kan nítòsí wa ní Kubwa ń dáná sun ìdọ̀tí tiwọn nínú rẹ̀ lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, abẹ́rẹ́ á ṣì wà nínú eérú, ẹnu rẹ̀ á mú ṣáṣá, àwọn baban bola á sì máa fọwọ́ lásán tú u wá irin. Bí èyí tó ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B bá gún ẹni tí kò gba àjẹsára, ó lè ran tó 30 nínú 100.

Ẹ̀rọ autoclave ló yá. Bí ìkòkò pressure ló ṣe ń ṣiṣẹ́: ooru omi tí wọ́n sé mọ́nú á gbóná dé 121°C fún ìṣẹ́jú 30, kòkòrò ara síríńjì àti òwú ẹlẹ́jẹ̀ á kú, ẹ̀rọ mìíràn á wá lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́. (Ibi ọmọ kò bá ìyẹn lọ o, kòtò tirẹ̀ ló ń fẹ́. Oògùn tó ti bàjẹ́ náà kò ṣeé sè.)

Ẹyọ kan tó fún gbogbo kánsù Bwari tí Kubwa wà, bí ọkọ̀ bá ń gba àpótí abẹ́rẹ́ ká, tí àwọn ilé ìwòsàn aládàáni sì ń sanwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń san owó bọ́là. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní bí 15 péré nínú 100 ìdọ̀tí ilé ìwòsàn ló léwu. Páálí, bébà àti àjẹkù oúnjẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ti ń ju abẹ́rẹ́ sínú àpótí yẹ́lò ní kété tó gún èèyàn tán, ẹrù ọkọ̀ náà ò ní wúwo.

Kí àwọn aláṣẹ olú-ìlú wa, FCT, kọ́kọ́ sọ fún wa: níbo ni àpótí yẹ́lò tó bá kún ní Kubwa ń lọ báyìí?

Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò kan,
Kubwa, Àbújá