Ìdí tí a fi ń ní kí ẹ jókòó díẹ̀ kí a tó di aṣọ fún yín

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó o.

A mọ̀ pé inú àwọn kan nínú yín ò dùn sí wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹ ti fowó ránṣẹ́, ẹ ti na fóònù sí wa pé "Ó ti lọ, ẹ wò ó," síbẹ̀ a ní kí ẹ jókòó ná. Ẹ má bínú, a ò fojú olè wò yín. Aláàtì ayédèrú, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ irọ́ pé owó ti wọlé, ló pọ̀ ní ọjà Ìtòkú.

Orúkọ báńkì tí ẹ ń rí lórí àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ẹ̀ lè fi orúkọ tó wù ú síbẹ̀, fóònù yín á sì tò ó mọ́ àwọn tí báńkì gan-an ti ń fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Áàpù tún wà tó ń ṣe rìsíìtì jáde láìjẹ́ pé kọ́bọ̀ kan kúrò níbì kankan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú áàpù báńkì tiwa la ń wò, bóyá owó ibẹ̀ ti lé sí i. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá ń ṣe bí ó ṣe máa ń ṣe, àga wà, omi tútù náà wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà bíi tiwa, ẹ ṣọ́ra fún "mo ṣèèṣì". Ẹnì kan á ra kàmpálà ₦15,000, aláàtì á ní ₦50,000 ló wọlé, ló bá ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dá ₦35,000 padà kíákíá, owó ilé ìwòsàn ni. ₦50,000 yẹn ò dé rí. ₦35,000 tiyín nìkan ló rìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà láti Èkó tàbí Ìlú Ọba ńkọ́? Wọ́n ń jí àwòrán aṣọ wa gbé sórí Facebook àti Instagram, wọ́n á sì pe iye tí kò tó ìdajì tiwa. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ fa ẹ̀kọ sí lára, tí wọ́n rì bọ aró léraléra, ta ló lè tà á lówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀? Kí ẹ tó sanwó, ẹ pè wá lórí fídíò. Ẹ ní ká yí aṣọ náà, ká fi ẹ̀yìn ẹ̀ hàn yín. Ẹni tó jí àwòrán ò ní ẹ̀yìn tó máa fi hàn.

Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa ló wà lórí àkáǹtì wa, òun náà ló wà lára ọ̀rá tí a fi ń di aṣọ. Bí ẹ bá rí i pé a ti yí àkáǹtì, kódà kó jẹ́ orí WhatsApp wa ló ti wá, ẹ pè wá kí ẹ gbọ́ ohùn wa. Nítorí àwọn oníjìbìtì ń gba WhatsApp mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Wọ́n á fi nọ́ńbà yín sí WhatsApp lórí fóònù tiwọn, kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà á wọ fóònù yín, ẹnì kan á wá pè pé òun ń to orúkọ fún ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ ilé ìwé yín, kí ẹ ka kóòdù náà sóun létí. Bí ẹ bá ti kà á, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí yáwó lórúkọ yín. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Account, ẹ yan Two-step verification, kí ẹ fi PIN sí i. Bó bá le, ẹ gbé fóònù wá, àwọn ọmọ iṣẹ́ wa á bá yín ṣe é, àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ tẹ PIN.

Ti waybill, ìyẹn ẹrù tí a fi mọ́tò ránṣẹ́: awakọ̀ tó gbé ẹrù yín ní gáréèjì Kútọ̀ ò ní pè pé kí ẹ fowó bẹntiróòlù tàbí owó ọlọ́pàá ránṣẹ́. A ti san tiẹ̀ tán.

Báńkì kankan kì í pe èèyàn béèrè PIN tàbí OTP, ìyẹn kóòdù ìgbà kan ṣoṣo tó ń wọ fóònù yín. Bí wọ́n bá ti jí owó yín, ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀ kí ẹ tó sunkún, torí báńkì yín lè ní kí báńkì tí owó lọ dá a dúró bí àwọn olè ò bá tíì kó o. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀pọ̀ báńkì ní kóòdù tí ẹ lè fi ti àkáǹtì pa láti orí fóònù ẹlòmíì. Ẹ béèrè tiyín lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ síbi tí kì í ṣe inú fóònù.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kì í lo áàpù, owó ọwọ́ ṣì ń ná lọ́dọ̀ wa.

Àwa aláàdìrẹ yín,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta