Asofẹ́yẹjẹ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru

Sí Olóòtú,

Bí àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń jókòó sójú kan, tí ọ̀rọ̀ ò wù ú sọ mọ́, tí oorun ń gbé e lọ lọ́sàn-án gangan, àwọn ará ilé á ní ogbó ló dé tàbí ayé ló ń ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ tú ọ̀rá oògùn rẹ̀ wò ná.

Bí ẹ bá rí Brinerdin, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, níbẹ̀, oògùn mẹ́ta ló wà nínú hóró rẹ̀ kan. Ọ̀kan ni reserpine, mílígíráàmù 0.1. Ó máa ń dín èròjà tí iṣan ara àti ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn kù. Ohun tó fi ń mú ẹ̀jẹ̀ walẹ̀ nìyẹn. Òun náà ló lè fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àlá burúkú. Imú a tún máa dí láìsí ọ̀fìnkìn. Aláìsàn á wá lọ ra oògùn ọ̀fìnkìn, bẹ́ẹ̀ òmíràn nínú wọn ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè!

Reserpine yìí kan náà wà nínú gbòǹgbò igi asofẹ́yẹjẹ. Àwọn baba tó ń wo wèrè mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ni wọ́n fi ń pẹ̀rọ̀ sí ẹni tí orí rẹ̀ gbóná. Mi ò bú àgbo o. Ìwọ̀n ni mò ń wí. Bí gbòǹgbò ṣe pọ̀ tó àti iye omi tí wọ́n bù sí i ló ń pinnu agbára rẹ̀, ta ló sì ń wọ̀n ọ́n? Ẹni tó pa á pọ̀ mọ́ Brinerdin ti mu oògùn kan lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá dá a dúró pàápàá, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tán lára.

Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀: Aldomet náà ń kun èèyàn lóorun, propranolol sì ń fa àlá. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ nù o: bí èèyàn bá já propranolol lójijì, àyà á máa lù kì-kì, ẹ̀jẹ̀ á sì tún ga. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ò tọ́jú ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tínńtín inú ọpọlọ jẹ́. Ìwádìí kan lára àwọn àgbà Yorùbá n'Ìbàdàn, tó jáde ní 2011, fi hàn pé àrùn tó ń mú ọpọlọ jó rẹ̀yìn (dementia) ń mú àwọn tó ní in ju àwọn tí kò ní in lọ.

Dókítà lè pààrọ̀ oògùn tó ń dààmú aláìsàn. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, kì í sábà fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn báyìí. Ẹ kó gbogbo oògùn dání lọ bá a, àti ìgò àgbo náà. Ẹ má fi í pamọ́ torí pé dókítà á bínú.

Apòògùn kan,
Ìbàdàn.