Sí ẹ̀yin oníbàárà wa: kí ẹ tó so ESP32 mọ́ ohun tó ń lo fóltì 5

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àdúrótì wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ESP32 (bọ́ọ̀dù kékeré tí a fi ń darí ẹ̀rọ) tí ẹ ń gbé padà wá pé ó ti kú ni kò ní àbùkù kankan nígbà tó kúrò lọ́wọ́ wa. Fóltì 5 ló kan píìnì (ẹsẹ̀ irin tí àmì ń gbà wọlé tàbí jáde) tó yẹ kó máa gba 3.3. Owó yín ló ń bá a lọ, ó sì ń dùn wá, nítorí ohun tí ì bá gbà á sílẹ̀ kò ju rẹsísítọ̀ (ohun kékeré tó ń dí iná lọ́wọ́) méjì lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Ṣíìpù tó bá fẹ́ sọ HIGH (àmì “bẹ́ẹ̀ ni”; LOW ni “bẹ́ẹ̀ kọ́”) yóò gbé píìnì rẹ̀ sókè títí dé ìwọ̀n iná tí òun fúnra rẹ̀ ń lò. Iná fóltì 5 ni bọ́ọ̀dù Arduino Uno ń lò, nítorí náà HIGH tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5. ESP32, ESP8266 àti Raspberry Pi Pico, 3.3 ni tiwọn. Ìwé tí àwọn tó ṣe ESP32 kọ nípa rẹ̀ sọ pé ohun tó bá wọ píìnì kò gbọdọ̀ fi ju 0.3 lọ ga ju iná tó ń lò, ìyẹn 3.6. Nínú ọ̀pọ̀ ṣíìpù, dáyódù kékeré kan wà lẹ́yìn píìnì kọ̀ọ̀kan tó máa ń darí àpọ̀jù iná lọ sí ọ̀nà 3.3, ṣùgbọ́n wọn ò ṣe é kó máa ru ẹrù yẹn lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀dù fi lè ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí píìnì kan tó kú, kí gbogbo rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹ má fi “ó ṣáà ṣiṣẹ́ lánàá” ṣe ẹ̀rí.

Iṣẹ́ tí ẹ ń bá wá jù ni ti tánkì omi: ESP32 pẹ̀lú HC-SR04 tó ń wọn bí omi ṣe ga tó. Iná fóltì 5 ni sẹ́ńsọ̀ yìí ń lò. Píìnì Trig, tí a fi ń sọ fún un pé kó wọn, kò ní wàhálà, ó máa ń gba 3.3 tí ESP32 bá fi ránṣẹ́ sí i. Echo, tó fi ń dáhùn, ni ewu wà, nítorí fóltì 5 ló ń tú jáde. Ẹ fi rẹsísítọ̀ 1k (1000 ohm) so Echo mọ́ píìnì ESP32, kí ẹ wá fi 2k so píìnì ESP32 yẹn kan náà mọ́ GND (ìlà òdo fóltì). 5 lọ́nà 2, ẹ pín in sí 3, ó di 3.33. Bí ẹ ò bá rí 2k, ẹ so 1k méjì tẹ̀ léra, ọ̀kan náà ni.

Kí ẹ tó fi kan ESP32, ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Mítà kò lè ka Echo fúnra rẹ̀ dáadáa, nítorí ìṣẹ́jú àáyá kò tíì pé tí àmì rẹ̀ ti wá tó sì ti lọ. Ẹ yọ 1k kúrò lára Echo, ẹ fi orí rẹ̀ kan fóltì 5 gan-an, kí ẹ wá wọn ibi tí 1k àti 2k ti pàdé. Ó yẹ kó wà láàrin 3.1 sí 3.4. Bí mítà bá ka nǹkan bíi 1.67, ẹ ti gbé rẹsísítọ̀ méjèèjì sí ipò ara wọn. Ìyẹn kò ní pa bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kò dájú pé ESP32 yóò pe ohunkóhun ní HIGH àfi tó bá tó nǹkan bíi 2.5, nítorí náà kóòdù yín lè máa ka 0 ṣáá, ẹ ó sì rò pé sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́. Bí mítà bá ka 5, ẹsẹ̀ 2k kò kan GND. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má tíì so nǹkan kan.

Àìtó náà ń dá wàhálà sílẹ̀ bí àpọ̀jù. Iná WS2812B, àwọn tó ń yí àwọ̀ padà yẹn, ń fẹ́ ìlọ́po 0.7 iná tó ń lò kó tó gbà pé HIGH ni. Lórí fóltì 5, 3.5 nìyẹn. 3.3 tí ESP32 ní kò tó o. Ó lè tàn lórí tábìlì, tí ẹ bá wá fi wáyà gígùn gbé e sókè àjà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú tàbí kó máa tan àwọ̀ tí ẹ ò ní kó tàn. Ṣíìpù 74AHCT125, tó ń gbé àmì sókè, tí ẹ fún ní iná fóltì 5 ló ń yanjú rẹ̀, nítorí 2.0 ti tó o láti pè ní HIGH. Ẹ wo lẹ́tà T yẹn dáadáa nígbà tí ẹ bá ń rà. 74HC125 jọ ọ́ bí ìbejì, ṣùgbọ́n 3.5 lòun náà ń béèrè, ibi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀ náà lẹ ó wà.

Láàrin Uno àti ESP32, apá kan ṣoṣo ló nílò ìtọ́jú. TX (píìnì tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́) ti ESP32 lè lọ tààrà sí RX (píìnì tó ń gbà á) ti Uno, nítorí 3.0 ni Uno ń fẹ́. TX Uno sí RX ESP32 gbọ́dọ̀ gba inú 1k àti 2k kọjá.

I2C (ọ̀nà tí ṣíìpù fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì, SDA àti SCL) kò gba rẹsísítọ̀ méjì yẹn o, nítorí orí wáyà kan náà ni lílọ àti bíbọ̀ wà. Ìboju LCD 16x2 tó ní ṣíìpù PCF8574 lẹ́yìn máa ń fa SDA àti SCL sókè sí iná tí ẹ bá fún un. Bí ó bá jẹ́ 5, píìnì ESP32 yín wà lábẹ́ 5 kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀dù kékeré onílà mẹ́rin tó ní BSS138 ni kí ẹ rà fún un: HV sí 5, LV sí 3.3, GND sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ má ra ṣíìpù TXB0108 fún I2C, rẹsísítọ̀ tó ń fa wáyà sókè máa ń da á láàmú. BSS138 náà kò yára tó fún SPI (ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ mìíràn tó yára ju I2C lọ). Fún ìyẹn, láti 5 wá sí 3.3, 74LVC245 tó ń lo 3.3 ni kí ẹ béèrè.

Ẹ má sì fi rẹsísítọ̀ méjì ṣe iná fún módù (bọ́ọ̀dù kékeré tí a ń so mọ́ òmíràn). Bí módù bá ti ń fa kọ́réǹtì, fóltéèjì á wálẹ̀. Ẹ má gbé ESP-01 (módù Wi-Fi) lé píìnì 3.3 ti Uno náà, 50 mA péré ló lè pèsè, Wi-Fi sì lè fa ju 300 mA lọ lẹ́ẹ̀kan. AMS1117-3.3, tó ń sọ fóltì 5 di 3.3, pẹ̀lú kapásítọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá ń so wáyà, ẹ pa iná ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, GND ni kó kọ́kọ́ wọlé.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ra ESP32 àti HC-SR04 pọ̀ yóò bá 1k kan àti 2k kan nínú náílọ̀nù rẹ̀, a ò ní gba owó lórí rẹ̀. Bọ́ọ̀dù tí fóltì 5 bá jó, a ò lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé e wá. A ó sọ píìnì kọ̀ọ̀kan di HIGH, ká fi mítà wọ̀n ọ́n, ká sọ ọ́ di LOW, ká tún wọ̀n ọ́n, ká lè sọ èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ fún yín. Fún píìnì 34, 35, 36 àti 39, a ó kàn fún wọn ní 3.3 ká wo bóyá wọ́n ń kà á, nítorí wọn kì í tú nǹkan jáde. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra nǹkan lórí WhatsApp, ẹ kọ orúkọ bọ́ọ̀dù àti orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ so mọ́ ọn pa pọ̀, kí a lè sọ ohun tó yẹ kó wà láàrin wọn kí ẹ tó sanwó.

Àwa tiyín ní ilé ìtajà