Àwọn Amish àti tábà: ìṣirò yín dorí kodò

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn Amish, ìjọ Kristẹni ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń yẹra fún ọ̀pọ̀ ohun ìgbàlódé, dùn ún kà, àmọ́ ibi tí òǹkọ̀wé yín ti ní wọn kì í fọwọ́ kan tábà, pé ẹni tó kọ mọ́tò àti iná mànàmáná, mélòó ni sìgá lójú rẹ̀, mi ò lè fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, Pennsylvania ni mò ń gbé báyìí. Oko tábà ni bàbá mi fi rán wa níléèwé, kò sí bí mo ṣe máa rí ewé náà tí mi ò ní dá a mọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wakọ̀ gba Lancaster, agbègbè tí àwọn Amish pọ̀ sí níbí, kọjá, ṣe ni mo dúró lẹ́bàá títì. Tábà rọ̀ jìngbìnnì nínú abà àwọn Amish, wọ́n ṣí pátákó ẹ̀gbẹ́ abà sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gbẹ ẹ́. Tiwa nílé, iná igi ni.

Láti ọ̀rúndún tó ṣíwájú èyí tó kọjá ni wọ́n ti ń gbìn ín níbẹ̀. Ilẹ̀ Lancaster gbówó lórí, tábà ló sì bá ọ̀pọ̀ ẹbí san gbèsè ilẹ̀ wọn. Ìbaaka tó oko rẹ̀ ro, ọmọ kékeré náà á rí tirẹ̀ ṣe. Bí yìnyín bá bo oko, tilé-tọ̀nà á jókòó, wọ́n á máa já ewé gbígbẹ kúrò lára igi rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù wo ló fẹ́ fòfin de irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ní ti fífà á, àdúgbò ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ordnung. Àgbà ọkùnrin lè fa ìkòkò tábà ní Lancaster kí ẹnikẹ́ni má wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Sìgá inú páálí ni wọ́n kà sí ohun ayé. (Ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà ń fi aṣáà símú, tó sì ń bú àwọn amusìgá, ọ̀rọ̀ yìí á yé e.) Àwọn Swartzentruber, ẹ̀ka Amish kan tó le débi pé wọn ò gbà kí wọ́n lẹ àmì ìkìlọ̀ aláwọ̀ ọsàn mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn, àwọn gan-an ló gba tábà láàyè. Àwọn New Order, ẹ̀ka Amish mìíràn tó yapa ní Ohio láàárín 1960 sí 1969, tí ọ̀pọ̀ wọn ń lo tẹlifóònù nínú ilé, àwọn ló kọ̀ ọ́.

Ẹ ní kí òǹkọ̀wé yín wá sí Lancaster nínú oṣù kẹsàn-án. Kò ní nílò ẹni tó máa fi abà hàn án, imú rẹ̀ á mú un débẹ̀.

Èmi ni,
Ọmọ Ìsẹ́yìn, Pennsylvania