Àbẹ̀kẹ́, Dá Mi Lóhùn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àjò, mo kí ọ kú òtútù. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ẹsẹ̀ bàbá yín ti fúyẹ́ díẹ̀, ó ti ń dá rìn dé ẹnu géètì. Ìjì ṣí páànù lórí ilé ìdáná, a ti wá kápẹ́ńtà sí i. Ewúrẹ́ bí ìbejì, ọ̀kan kú. Àbúrò rẹ ní kí n bá òun kí ọ. Kì í ṣe ìwọ̀nyí ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé.

Wọ́n ní o ti fi ilé-ìwé sílẹ̀.

Lẹ́yìn Máàsì ni ẹnìkan pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọmọ òun tó wà ní Bologna ní Ítálì níbẹ̀ rí ọ ní ilé oúnjẹ kan lóru, o ń fọ abọ́, ó sì bi ọ́ nípa ẹ̀kọ́ rẹ, o ní o ti pa á tì. Mo ní irọ́ ni. Mo ní Àbẹ̀kẹ́ tèmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó má sọ fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, àmàlà tí mo fọwọ́ ara mi rò kò lọ ní ọ̀fun mi.

Ṣé òótọ́ ni? Abọ́ fífọ̀ kọ́ ni mo ń bá wí o. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ aláìsàn ni mo gbé títí mo fi fẹ̀yìntì, òun ni mo fi rán yín níwèé, ojú kò sì tì mí rí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé o dákẹ́. Ìwọ tí ẹnu rẹ kì í sinmi! Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp, mo rí i pé o ti kà á, o kò fèsì. Ọ̀dọ̀ ta lo ti kọ́ ìyẹn?

Nígbà tí o ṣì ń pè mí ní ọjọ́ Àìkú, o kì í ṣàì sọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì nínú ohun tí wọ́n kọ́ yín nípa Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́ tí èdè Ítálì, Faransé, Sípéènì àti Ròmáníà ti wá. Inú ìwé tí mo fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì òru láyé ìgbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ni mo ń kọ wọ́n sí. Ìwé náà ló wà lórí itan mi yìí. Jẹ́ kí n ka ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ sí ọ létí, bóyá o ti gbàgbé.

Èmi ni mo kọ́kọ́ bi ọ́ nípa àmì tí àwọn dókítà máa ń kọ sí káàdì. Nílé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n kàn ní ká há a sórí ni: b.d., ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, t.d.s., ẹ̀ẹ̀mẹta, p.r.n., nígbà tó bá yẹ; stat, lójú ẹsẹ̀. O ní Látìnì ni gbogbo rẹ̀: bis die, ter die sumendum, pro re nata, statim. O pariwo lórí fóònù, "Màámi, ẹ ti ń sọ Látìnì látọjọ́ yìí, ẹ ò mọ̀!" Inú mi dùn débi pé mo sọ ọ́ fún àwọn tá a jọ fẹ̀yìntì ní ìpàdé wa.

Lẹ́yìn náà lo sọ ti hospitale. O ní hospes ni àwọn ará Róòmù ń pe àlejò, òun náà ni wọ́n sì ń pe ẹni tó gba àlejò sílé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ hospitale. Àwọn Faransé lò ó lò ó, ó gé kúrú lẹ́nu wọn títí ó fi di hôtel. Àwọn ọ̀mọ̀wé tún padà lọ mú un nínú ìwé Látìnì, ìyẹn ló di hôpital. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, hospital, hostel, hotel. Àṣé gbogbo ìgbà tí mo fi ń sáré láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, ilé àlejò ni mo wà. Láti ìgbà tí o ti dákẹ́ ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn. Àlejò ni ọ́ níbẹ̀. Ta ló gbà ọ́? Níbo lò ń sùn? Bí ibà bá mú ọ, ta ni yóò bu omi fún ọ mu?

Ìwọ náà lo sọ ìtàn olùkọ́ àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìnì tí àwọn ènìyàn ń ṣì pè ló tò sílẹ̀, 227 ni, ó ń fi èyí tó tọ́ síwájú, èyí tí kò tọ́ sẹ́yìn. Ó dórí etí, ó ní auris ni, kì í ṣe oricla. Ó dórí ohun gbígbóná, ó ní calida ni, kì í ṣe calda. Ó dórí dígí, ó ní speculum ni, kì í ṣe speclum. O ní àwọn mọ́ńkì ní Bobbio ló dà á kọ tí kò fi sọnù, pé agbègbè kan náà ni Bobbio àti Bologna yín wà, àti pé ìwé ọ̀hún ti wà ní Naples báyìí. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Oricla tí olùkọ́ ń lé dànù, òun ló di orecchio ní Ítálì, ó di oreja ní Sípéènì, ó di oreille ní Faransé, ó di ureche ní Ròmáníà. Calda tí wọ́n ní kò dáa, òun ló bí caldo tí ò ń gbọ́ lójoojúmọ́ níbẹ̀. Mo ní, "Ṣé gbogbo ìbáwí yẹn já sí asán ni?" O rẹ́rìn-ín títí.

Lánàá tí mo tún ka ibẹ̀, ó gún mi lọ́kàn. Mo ti bá ọ wí púpọ̀ láyé yìí, Àbẹ̀kẹ́, lórí ohun tí kò tó ìbínú. Ṣùgbọ́n má fi ìyẹn dá ara rẹ láre. Kí ènìyàn fi ilé-ìwé sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀ kí ó máa fi pamọ́ fún ìyá rẹ̀, kò sí lára àṣìṣe tó ń padà di nǹkan rere.

Ti ẹṣin ni bàbá yín fẹ́ràn jù. O ní equus ni ẹṣin inú ewì àti ti àwọn ọlọ́lá, caballus sì ni ẹṣin ẹrù, tí ẹnikẹ́ni kì í fi yangàn. Àmọ́ caballus ló yè: cavallo ní Ítálì, caballo ní Sípéènì, cheval ní Faransé. Bàbá yín lu itan, ó ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Nígbà tí o tún wá ní Trajan, olú-ọba Róòmù, gba ilẹ̀ tó di Ròmáníà ní ọdún 106, pé àwọn ṣọ́jà tó fẹ̀yìntì tẹ̀dó síbẹ̀, pé láti ara veteranus, ìyẹn ṣọ́jà àgbà, ni wọ́n ti rí bătrân tí wọ́n fi ń pe arúgbó, ó dìde dúró. Ṣọ́jà ni òun náà. Ó ní ọ̀rọ̀ tòun nìyẹn. Mi ò tíì sọ ohun tí mo gbọ́ fún un. Bó bá ti di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, yóò bi mí pé ṣé ọmọ òun ti pè, èmi á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa. Irọ́ ni mo ń pa fún ọkọ mi nítorí rẹ.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú ìwé mi ni ti iná. Ignis ni iná láyé àtijọ́, focus sì ni ààrò. Lónìí, fuoco ní Ítálì, feu ní Faransé, fuego ní Sípéènì, láti ara focus, ààrò, ni gbogbo wọn ti wá, iná ni wọ́n sì fi ń pè. O ní o máa ṣàlàyé bí ààrò ṣe gba ipò iná mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn dé, o kò pè. Mo fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé, àyè náà ṣì wà lófìfo.

Ṣé òótọ́ ni pé o ti fi í sílẹ̀? Tàbí ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ló wọ̀ ọ́ lára? Mo mọ̀ pé wọ́n ń sọ pé òkú èdè lò ń kà, pé kọ̀ǹpútà ló ń mówó wọlé. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún, níbo ló ti wá bí kò ṣe lára computare, kí á ṣírò? Fídíò tí wọ́n ń wò látàárọ̀ dalẹ́, "mo rí i" ni ní Látìnì. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń wọ̀, ìdí omnibus ni wọ́n gé mú, "fún gbogbo ènìyàn". Òkú wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Èdè tí Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, fi kọ ìwé ńlá rẹ̀ ní 1687, tí Húngárì fi ń ṣe ìjọba títí di 1844! Bàbá mi tó jẹ́ katikíìsì kò lọ sí fásitì, òun náà ń dáhùn "Et cum spiritu tuo", àti pẹ̀lú ẹ̀mí rẹ, ní Máàsì títí wọ́n fi gbà wá láyè ní àwọn ọdún 1960 láti máa fi Yorùbá ṣe é. A, b, d tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí pàápàá, lẹ́tà àwọn ará Róòmù ni, tiwa ni àmì tá a fi sórí àti ìdí rẹ̀. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Àwọn ọmọ Látìnì ló ń ná ọjà tí o ti ń ra búrẹ́dì.

Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ pè é ní òkú? Èmi ni. Ọjọ́ tí o gba fọ́ọ̀mù pé Classics, ẹ̀kọ́ nípa Róòmù àti Gíríìkì àtijọ́, lo fẹ́ kà ní Ìbàdàn, èmi ni mo sunkún, mo ní kí ni ọmọ nọ́ọ̀sì ń wá lọ sí ibojì àwọn òyìnbó, mo ní kí o lọ kọ́ iṣẹ́ tèmi. O kò dá mi lóhùn, o kàn lọ kà á, o sì yege. Mi ò tọrọ gáfárà rẹ lórí ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ náà.

Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Nígbà tí owó ilé-ìwé àbúrò rẹ di wàhálà, ìwọ ni mo sá bá. Nígbà tí bàbá yín wà ní ọsibítù, ìwọ náà ni. O fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, o kò kùn. Mi ò bi ọ́ pé níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rí irú owó bẹ́ẹ̀. Mo gbà á, mo ná an, mo dúpẹ́. O ti sọ fún mi nígbà kan pé láti ara sal, iyọ̀, ni wọ́n ti yọ salarium, tó di salary tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe owó oṣù, o sì ní kí n má gba ẹni tó bá sọ pé iyọ̀ gan-an ni wọ́n ń wọ̀n fún ṣọ́jà gbọ́, nítorí kò sí ẹ̀rí. Èmi wá ń rò ó lóru pé iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ ni mo bù jẹ. Àbẹ̀kẹ́, ṣé nítorí wa lo ṣe ń fọ abọ́ lóru tí o kò lè lọ sí kíláàsì láàárọ̀? Ṣé èmi ni mo jẹ owó ilé-ìwé rẹ?

Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sílé mọ́. Àṣẹ ni mo pa yìí. Àbúrò rẹ ti ń bá oníwáyà kan ṣiṣẹ́ ní ìparí ọ̀sẹ̀, yóò máa rí owó ọkọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá yín kò ra oògùn olówó ńlá mọ́. Èésú yóò kàn mí láìpẹ́, mo sì ní díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Sọ iye tó kù fún mi. Má bu kúrò níbẹ̀ torí pé àánú mi ń ṣe ọ́. Kí o sì lọ bá olùkọ́ rẹ, kí o jókòó níwájú rẹ̀, kí o sọ òótọ́ fún un, kí o bi í bóyá àyè ṣì wà láti padà. Olùkọ́ kò lè gbèjà ọmọ tó sá fún un.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwé náà ló sú ọ ní tòótọ́, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Yóò dùn mí. Mo lè bínú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ mi ṣì ni ọ́.

Ẹni tó gbé lẹ́tà yìí wá, gàrí àti ẹ̀gúsí wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú náà wà nínú rọ́bà tí mo fi sẹ́lótéèpù dì, má jẹ́ kí ó pẹ́ níta. Dá a dúró, má jẹ́ kí ó lọ kí o tó fi fóònù rẹ̀ pè mí. Mo ti bá a sọ ọ́, ó ní òun yóò dúró. Bàbá yín yóò wà nítòsí, nítorí náà tèmi ni kí o kọ́kọ́ dáhùn: o ṣì wà nílé-ìwé ni, àbí o ti kúrò?

Èmi ni,
Ìyá rẹ