Wákàtí kan lọ́sẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ó ti pé ọdún méjì tí ọmọ mi obìnrin ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Gbogbo ibi tó kọ̀wé sí ló ń béèrè ìrírí ọdún márùn-ún. Níbo ni yóò ti rí i, nígbà tí kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́ rí?

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan fẹ́ máa san 30,000 náírà fún un lóṣù. Òṣìṣẹ́ wọn lé ní ogójì, òfin ọdún 2024 sì ní owó oṣù kò gbọdọ̀ dín sí 70,000 náírà. Ta ló ń bi wọ́n?

Èyí tó dùn mí jù ni ti NBS, àjọ ìjọba tó ń ṣírò iye àwọn tó níṣẹ́ àti àwọn tí kò níṣẹ́. Láti ọdún 2023, ẹni tó bá ti fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó láàárín ọ̀sẹ̀ ti di oníṣẹ́ lójú wọn. A jẹ́ pé ọmọ mi, tó ń bá mi wọn ẹ̀lúbọ́ ní ọjà Bódìjà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí nílé, ti ríṣẹ́ nìyẹn! Ẹ jọ̀ọ́, kí ìjọba rán àwọn alábòójútó iṣẹ́ wọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, kí wọ́n yẹ ìwé owó oṣù wọn wò.

Abiyamọ kan,
Ìbàdàn.